Dororo (2019): ẹ ti gbójú fo eré yìí, ó sì ń dùn mí

Àlàó_Ọmọ_Àgbẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá bèèrè níbí pé anime (eré àwòrán Japan) wo ni kí òun wò, tó ní idà, tó ní àǹjọ̀nú, orúkọ mẹ́ta kan náà lẹ máa ń kà bí ẹní ń ṣe tẹ̀sùbáà: Demon Slayer, Jujutsu Kaisen, Bleach. N kò bá wọn ṣọ̀tá. Ṣùgbọ́n ta ló máa ń dárúkọ Dororo? Ilé-iṣẹ́ MAPPA àti Tezuka Productions ló jọ ṣe é, oṣù kìíní ọdún 2019 ló bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹfà ló parí, ìpín 24 péré. Ó parí pátápátá o. Ẹ kò ní dúró de ìyókù títí irun yín á fi funfun.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: àkókò tí àwọn ìjòyè Japan ń bá ara wọn jagun láti agbègbè dé agbègbè ni ìtàn náà wáyé. Ọ̀kan nínú wọn, Daigo Kagemitsu, rí i pé ọ̀dá, ìyàn àti àjàkálẹ̀ àrùn fẹ́ pa ilẹ̀ òun run. Ó wọ gbọ̀ngàn kan lọ níbi tí ère àǹjọ̀nú 12 wà, ó ní kí wọ́n fún òun lágbára, kí wọ́n sì mú ohun tó bá wù wọ́n lọ́wọ́ òun. Ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí rẹ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n pín mọ́ra wọn lọ́wọ́. Èyí mú awọ, èyí mú ojú, èyí mú etí, èyí mú apá. Ohun tó bọ́ sọ́wọ́ agbẹ̀bí kò ní ojú, kò ní imú, ṣùgbọ́n ó ń mí. Bàbá ní kí wọ́n lọ da á nù. Agbẹ̀bí gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi kékeré, ó tì í sódò. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jukai, tó máa ń gbẹ́ apá àti ẹsẹ̀ igi fún àwọn tí ogun ti gé lápá gé lẹ́sẹ̀, ló rí i he. Ó fi igi ṣe ara fún un látòkè délẹ̀, ó sì ri idà mọ́ inú apá igi méjèèjì. Ọmọ yẹn ni Hyakkimaru. Àǹjọ̀nú kọ̀ọ̀kan tó bá pa, ẹ̀yà ara kan á padà sára rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó mú mi. Nínú àwọn eré tó kù, akọni jà, ó borí, agbára rẹ̀ lé sí i, ọ̀tá tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ yọjú, a tún bẹ̀rẹ̀. Hyakkimaru kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kò tíì mọ ìrora, ó ń jà bí ẹni tí kò ní nǹkan kan láti pàdánù, torí lóòótọ́ kò ní. Ìgbà tí ìrora dé, ọgbẹ́ di ọgbẹ́. Ẹsẹ̀ igi kì í ṣẹ̀jẹ̀, ẹsẹ̀ ẹran-ara ń ṣẹ̀jẹ̀. Ní ìpín kẹrin ó gba etí rẹ̀ padà lẹ́yìn tó ṣẹ́gun idà kan tí àǹjọ̀nú ń gbé inú rẹ̀. Ẹ̀yin á rò pé á máa yọ̀. Rárá o. Ìpín tó tẹ̀ lé e, òjò, ẹyẹ, ariwo ènìyàn, gbogbo rẹ̀ wọlé sí i lórí lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń fi ọwọ́ bo etí, ó ń ká kò. Bó ṣe ń di ènìyàn sí i ni ìjà ń nira fún un sí i. N kò tíì rí anime idà mìíràn tó fi ìgboyà dojú ọ̀rọ̀ yìí kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Èkejì: àdéhùn ni àdéhùn. Gbogbo ẹ̀yà tó bá gbà padà, ibì kan ń bàjẹ́ nílẹ̀ Daigo. Òjò dáwọ́ dúró, àrùn padà, ọ̀tá bẹ̀rẹ̀ sí í kógun bọ̀. Àwọn àgbẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan nípa ọmọ yẹn ló ń san án.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Ta ló jàre?

Tóbi_Kò_Sùn

Ẹ̀gbọ́n Àlàó, mo gbìyànjú ẹ̀ lọ́dún yẹn. Àwọ̀ ẹ̀ ṣú jù, akọni ò sọ̀rọ̀, ọmọdé kékeré kan ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Mo pa á tì ní ìpín kejì.

Àlàó_Ọmọ_Àgbẹ̀

Tóbi, ìpín kejì kẹ̀! Ó yẹ kí o mọ ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀: ọ̀fun rẹ̀ wà lọ́wọ́ àǹjọ̀nú kan. Hiroki Suzuki ló ṣe ohùn rẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ìpín ní ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tó rí ṣe kò ju mímí lọ. Ohùn tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Hyakkimaru, igbe ni, igbe ìrora. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ, orúkọ ènìyàn kan ni, ẹni náà kò sì lè gbọ́ ọ mọ́. Wá ìpín karùn-ún àti ìkẹfà wò, kí o padà wá bá mi níbí. Bí kò bá gún ọ lọ́kàn, n ó fi orúkọ mi sílẹ̀ fún ọ.

Ní ti ọmọdé yẹn, òun ló ń jẹ́ Dororo. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe eré, wọn kò fi orúkọ onídà pè é. Ó nídìí.

Adéníkẹ̀ẹ́_L

Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ gbójú fò ó, àsìkò ló bá a jà. Ẹ wo oṣù kìíní 2019 yẹn: Mob Psycho 100 apá kejì, The Promised Neverland, Kaguya-sama, The Rising of the Shield Hero, gbogbo wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣì ń gbìyànjú láti mí, oṣù kẹrin dé, Demon Slayer bẹ̀rẹ̀. Eré méjì, ọmọkùnrin onídà, àǹjọ̀nú, ọmọdé tó ń tẹ̀ lé e kiri. Ọ̀kan ní iná àti omi tó ń dán yanran lójú idà, ìkejì ní ẹrẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ. Èwo lẹ rò pé ọmọ ilé-ìwé á gé fídíò ẹ̀ sórí fóònù?

Amazon Prime Video ló sì ń gbé e jáde nígbà náà fún àwa tí a wà lẹ́yìn odi Japan. Ní àkókò yẹn, gbogbo ẹni tí mo mọ̀ tó ń wo anime, ojú-òpó míì ni wọ́n ń lò. Ẹni tí kò bá dìídì wá a kò lè ṣèèṣì rí i.

MAPPA fúnra wọn, ìgbà tí Jujutsu Kaisen dé lọ́dún 2020 ni gbogbo ayé wá mọ orúkọ wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti wà ńlẹ̀ ṣáájú.

Ìyá_Ìbejì_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwọn ọmọkùnrin mi ló kó mi wọnú ọ̀rọ̀ anime yìí, èmi náà kò sì lè jáde mọ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìyá ọmọ yẹn, Nui no Kata, torí ẹ̀yin ọkùnrin kò dárúkọ rẹ̀.

Obìnrin yẹn ní ère òrìṣà àánú kan tó ń gbàdúrà sí, Kannon ni wọ́n ń pè é. Orí ère náà ti gé kúrò láti alẹ́ tí wọ́n bí ọmọ. Ó ń bọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìlórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó tún bí ọmọ kejì, Tahomaru, ó tọ́ ọ tán, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í sí lára ọmọ tó wà níwájú rẹ̀. Tahomaru pàápàá mọ̀, ó ń dùn ún. Nígbà tí àkọ́bí wá padà dé ní ìpín kejìlá, tí ó dúró níwájú rẹ̀ láàyè, kí ló sọ fún un? Ó ní àwọn kò lè gbà á là, pé ara ọmọ náà ni ilẹ̀ ń jẹ kó tó yó. Ó tọrọ àforíjì, ó sì fi ọ̀bẹ gún ara rẹ̀.

Mo bínú sí i tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pa tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà tí mo ronú sí i, mo rí i pé ẹni tó kọ eré yìí mọ nǹkan tó ń ṣe. Kò sọ ọ́ di ìyá rere, kò sì sọ ọ́ di ìyá burúkú. Ó jẹ́ obìnrin tí wọ́n ti fi ọmọ rẹ̀ ṣe òwò kó tó mọ̀, tí ó sì ti jẹ nínú èrè òwò náà fún ọdún púpọ̀. Kí ni kó wá sọ?

Balógun_Orí_Òkè

Ẹ̀yin ará, ó dára, mo ti rí i pé gbogbo yín fẹ́ pa Daigo. Èmi nìkan ni n ó gbèjà rẹ̀.

Ẹ wo ilẹ̀ tó jọba lé lórí kó tó wọ gbọ̀ngàn yẹn. Òkú ní ẹ̀bá ọ̀nà, kànga gbẹ, ọmọdé ń kú. Ẹ wo ilẹ̀ náà nígbà tí Tahomaru ti dàgbà: ìrẹsì kún oko, ọjà ń ná, ọmọ ń ṣeré. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé. Ọmọ ọwọ́ kan ṣoṣo ló ná an. Ọmọ tirẹ̀ ni, kì í ṣe ọmọ aládùúgbò. Mélòó nínú àwọn olóṣèlú wa ló lè fi ohun tirẹ̀ rúbọ kí ara ìlú lè jẹun? Ọmọ tàlákà ni wọ́n máa ń fi rúbọ.

Kí ẹ sì tó sọ pé ìwà ẹranko ni, ẹ rántí pé Yorùbá náà mọ ìtàn yìí. Mọrèmi fi Olúorogbo fún odò Ẹsinmìrìn kí Ifẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn Ugbò. A kọrin fún un dòní. Kí ló dé tí Mọrèmi fi jẹ́ akọni obìnrin tí Daigo wá jẹ́ ọ̀dájú?

Ọmọ_Ilé_Ifẹ̀

Balógun, ibi tí ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ yẹn ń yọ̀ o.

Mọrèmi kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ lélẹ̀. Òun ló jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, òun ló lọ gbé ààfin ọba tó ń kó ìlú rẹ̀, òun ló wádìí àṣírí aṣọ koríko wọn, òun ló sá padà wá sọ pé iná ni kí wọ́n fi kò wọ́n. Ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ lẹ́bàá odò, ohunkóhun tó bá ṣe iyebíye jù lọ lọ́wọ́ òun ló pè é. Ó mú màlúù lọ, ó mú àgùntàn lọ, odò kò gbà. Ìgbà tó di ọmọ, gbogbo Ifẹ̀ ló mọ̀, gbogbo Ifẹ̀ ló bá a sunkún, wọ́n sì sọ pé àwọn ni ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Títí dòní, bí ọdún Ẹdì bá dé, kò sí ẹni tó ń fi pa mọ́ ohun tí ìlú jẹ.

Daigo ńkọ́? Kò fi ara rẹ̀ sílẹ̀ rí. Ohun tó bèèrè lọ́wọ́ àwọn àǹjọ̀nú, agbára ni, òkìkí ni, kí ayé wà lábẹ́ òun. Ẹ padà lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nínú ìpín kìíní. Oúnjẹ ará ìlú kàn bá a rìn ni. Nígbà tí wọ́n mú ọmọ rẹ̀, kò sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀bẹ̀ òun ti gbà. Ó wá fi bò. Ará ìlú ń jẹ ìrẹsì, wọn kò mọ ẹni tí wọ́n ń jẹ. Ọmọ rẹ̀ kejì kò mọ̀. Ìgbà tí àkọ́bí sì jáde láàyè, ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé kí òun parí iṣẹ́ náà.

Èyí kò jọ ti Mọrèmi. Èyí tó jọ ọ́ ni àwọn fíìmù wa tí ọkùnrin kan ti lọ ṣe oògùn owó, tí ó kọ́ ilé alájà mẹ́ta, tí yàrá kan sì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí.

Balógun_Orí_Òkè

Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń jẹun, kò kàn án bóyá ọba rẹ̀ rẹ́rìn-ín tàbí ó sunkún. Ẹ dá mi lóhùn lórí àgbẹ̀ yẹn. Hyakkimaru gba ara rẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ kú. Ẹ̀bi ta ni?

Ìyá_Ìbejì_Mọ́kọ́lá

Ẹ̀bi ẹni tó kọ́kọ́ ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ni, Balógun. Ara ọmọ, ọmọ ló ni ín. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Kóńdó_Ìyà_Ìbàdàn

Mo kàn ń kọjá lọ ni, ẹ máa bá a lọ. Màmá ti pa Balógun 😂

Ọ̀pá_Ìtìlẹ̀

Mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ wá láti ibòmíràn. Ẹsẹ̀ òsì mi kò sí láti ìgbà ìjàm̀bá ọkọ̀ kan, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ni mo ń lò. Nítorí náà, ìpín kẹta, ìtàn Jukai, kò rí lára mi bó ṣe rí lára yín.

Jukai kì í ṣe ènìyàn mímọ́. Nígbà kan rí, ó wà lábẹ́ olúwa ogun kan, òun ló ń kan àwọn ènìyàn mọ́gi nígbà tí wọ́n bá pàṣẹ. Ẹ̀bi yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tó ń gbẹ́ ẹsẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ́kù. Ẹ tún máa rí i níbi tó ń rìn lójú ogun, tó ń so apá àti ẹsẹ̀ igi mọ́ ara àwọn òkú, kí wọ́n má bàa lọ ní ààbọ̀ ara. Ẹni tó bá ti jókòó níwájú ẹni tó ń wọn ẹsẹ̀ fún un á mọ ohun tí wọ́n yà síbẹ̀: bí ó ṣe ń fọwọ́ kan ibi tí wọ́n gé láìfajúro, bí ó ṣe ń rẹ́ igi díẹ̀, tó ń wò ó, tó tún ń rẹ́. Wọn kò fi ìjákulẹ̀ tàbí ìyanu kún un. Iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Níbi tí mo ti ń bá eré náà jà ni èyí: ó jọ pé ó ń sọ pé títí ara yóò fi pé, ènìyàn kò tíì pé. Mo kọ èyí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wò ó lọ, mo rí i pé eré náà fúnra rẹ̀ ń jiyàn pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹni tó ṣe ara fún Hyakkimaru tún pàdé rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọmọ ní kó gbẹ́ ẹsẹ̀ mìíràn fún òun, Jukai sì kọ̀ fún un, torí ó rí ibi tí ẹsẹ̀ náà máa gbé e lọ. Àti pé Hyakkimaru tó ní igi lára, tó ń pín oúnjẹ fún Dororo, ni mo rí gẹ́gẹ́ bí ènìyàn. Èyí tí ara rẹ̀ ti ń pé, tó ń pa àwọn ọmọ ogun tó ti ju idà sílẹ̀, ìyẹn ni ẹ̀rù rẹ̀ bà mí.

Wọ́n fi àwòrán sọ ọ́ gan-an. Hyakkimaru kò lójú, ọkàn àwọn ènìyàn ló ń rí bí ìmọ́lẹ̀: funfun fún ènìyàn, pupa fún àǹjọ̀nú. Biwamaru, àlùfáà afọ́jú tó ń ta biwa (ohun èlò orin olókùn) kiri, rí bẹ́ẹ̀ náà. Biwamaru ló sì kọ́kọ́ rí i pé pupa ti ń wọ inú funfun Hyakkimaru.

Adéníkẹ̀ẹ́_L

Ọ̀pá_Ìtìlẹ̀, ẹ ṣeun gan-an. N kò ronú débẹ̀ rí.

Ayàwòrán_Ṣeun

Ẹni tó ní àwọ̀ ẹ̀ ṣú, Tóbi, ṣé o rí i pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni? Ìpín kìíní, ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àwọ̀, eérú àti ẹrẹ̀ ni. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n ń ná àwọ̀ bí owó nínú eré yìí, wọn kì í fi ṣòfò. Nígbà tí òdòdó pupa bá wá kún gbogbo ojú pápá ní ìpín kẹsàn-án, ojú rẹ á rí pupa yẹn bí ẹni pé o kò rí pupa rí. Kazuhiro Furuhashi ló darí rẹ̀, ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ó mọ ìgbà tó yẹ kí kámẹ́rà dúró jẹ́ẹ́.

Mo tún fẹ́ gbèjà ìpín kẹẹ̀ẹ́dógún tí gbogbo ayé bú. Osamu Kobayashi ló darí ìyẹn. Ojú ènìyàn yàtọ̀, ìlà rẹ̀ rí wúruwùru, àwọn ènìyàn sì pariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé owó ti tán lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Owó kọ́. Ọwọ́ Kobayashi nìyẹn, bó ṣe máa ń ya nǹkan rẹ̀ nìyẹn. Abúlé kan tó rí wọ̀ǹtìwọnti, tí oúnjẹ pọ̀, tí gbogbo ará ibẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, tí o sì mọ̀ nínú ara rẹ pé nǹkan kan ń rùn. Ó yẹ kí ojú wọn rí ségesège! Ó kú lọ́dún 2021. Inú mi dùn pé ẹnì kan fún un láyè nínú eré yìí.

Àti orin ìbẹ̀rẹ̀! "Kaen" ti ẹgbẹ́ olórin Queen Bee. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ó.

Kúnlé_Aláròyé

Ẹ ti yìn ín tó. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ìdajì kejì kò lágbára tó ìdajì kìíní. Láti ìpín kẹtàlá sí bí ìkejìdínlógún, wọ́n kàn ń rìn kiri ni, àǹjọ̀nú ọ̀sẹ̀ yìí, àǹjọ̀nú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹja apànìyàn tó lè rìn lórí ilẹ̀ yẹn, mo rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Ìyá_Ìbejì ní ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe. Mo gbà. Yasuko Kobayashi mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìpín 24 láti kún, ìtàn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì lè gba 18. Nígbà tí òpin wá dé, wọ́n sáré. Ohun tó yẹ kó gba ìpín mẹ́rin, wọ́n fún un ní méjì.

Bàbá_Onítàn_Àwòrán

Kúnlé, ó yẹ kí o mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, kí o tó dájọ́.

Osamu Tezuka ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí lọ́dún 1967, nínú ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ Shōnen Sunday. Àǹjọ̀nú 48 ló wà nínú tirẹ̀, ẹ̀yà ara 48. Ó ti kàwé ìṣègùn kó tó di ayàwòrán, ẹni tó bá wo bí ó ṣe ń to ara Hyakkimaru ní ẹyọ-ẹyọ á mọ̀ pé dókítà ló ń yà á. Lẹ́yìn rẹ̀ ló ṣe Black Jack, dókítà tí wọ́n rán ara rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n Dororo ṣókùnkùn jù fún ọmọdé ìgbà náà, wọ́n dá a dúró lọ́dún 1968, ó tún gbé e lọ sí ìwé ìròyìn mìíràn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì parí rẹ̀ lójijì. Hyakkimaru kò tíì gba gbogbo ara rẹ̀ tán tí òǹkàwé fi rí ojú ìwé tó kẹ́yìn. Ọdún 1969 kan náà ni wọ́n ṣe é fún tẹlifíṣọ̀n ní dúdú àti funfun, ìpín 26.

Nítorí náà, ohun tí àwọn ará 2019 ṣe kì í ṣe kékeré. Wọ́n dín 48 kù sí 12 kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lè ní ìwúwo. Wọ́n so ìlera ilẹ̀ mọ́ ara ọmọ náà dáadáa, ohun tí Balógun àti Màmá ń jà lé lórí láti àárọ̀ yìí. Wọ́n sì fún ìtàn náà ní òpin tí kò ní fún ọdún 50. Ẹja apànìyàn yẹn, ọ̀dọ̀ Tezuka ni wọ́n ti jogún rẹ̀. Bàbá àgbà náà fẹ́ràn àwàdà níbi tí kò yẹ.

Kúnlé_Aláròyé

Ẹ ṣeun sà. Ẹja náà ṣì burú.

Adéníkẹ̀ẹ́_L

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí Dororo fúnra rẹ̀, torí Ẹ̀gbọ́n Àlàó ní orúkọ rẹ̀ nídìí, kò sì sọ ọ́.

Olè ni, ọmọ òrukàn, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Rio Suzuki tó ṣe ohùn rẹ̀, ọmọdé gan-an ni nígbà náà, ó sì hàn. Ìpín kẹsàn-án ni a ti gbọ́ ibi tó ti wá. Bàbá rẹ̀, Hibukuro, olórí ọlọ́ṣà tó jẹ́ pé àwọn samurai, jagunjagun àwọn ìjòyè Japan, nìkan ni ó ń jà lólè. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, Itachi, dà á, ó bá àwọn samurai lọ. Bàbá kú. Ìyá àti ọmọ ń rìn kiri nínú ebi. Wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń pín ọ̀gì gbígbóná fún àwọn aláìní, ìyá kò ní àwo. Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ní kí wọ́n bù ú síbẹ̀. Ó fi ọwọ́ tó ń jó gbé e fún ọmọ rẹ̀ kó lá a.

Àwọn àǹjọ̀nú 12 yẹn kò dẹ́rù bà mí tó ìṣẹ́jú kan yẹn. Ìdí tí wọ́n fi sọ eré yìí ní Dororo nìyẹn lójú tèmi. Àǹjọ̀nú ló jẹ ara Hyakkimaru, ṣùgbọ́n ogun àwọn ènìyàn ló jẹ gbogbo ilé Dororo láìsí ère kankan nínú gbọ̀ngàn. Ọmọ yẹn kò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn, kò sí ẹni tó lè pa kí ìyá rẹ̀ padà. Síbẹ̀ òun ló ń di Hyakkimaru mú nígbà tó bá fẹ́ di ohun tó ń pa. Ó tún ní nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ohun tó sì fẹ́ fi ṣe ní ìparí ni ìdáhùn gidi fún ìbéèrè Balógun nípa àgbẹ̀. Ó tún ní àṣírí kan tó jẹ́ pé

Alábòójútó

Àǹtí Adéníkẹ̀ẹ́, ẹ dúró níbẹ̀. Mo gé ìyókù rẹ̀ kúrò. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin yòókù náà, ẹ rọra, ẹ ti tú tó.

Adéníkẹ̀ẹ́_L

Ẹ má bínú sà 🙏🏾

Ṣadé_Tuntun

Èmi ni ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ o. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni àbí ti Japan? Ṣé ó yẹ kí n kọ́kọ́ wo ti 1969? Ṣé mo lè bá àbúrò mi ọmọ ọdún mẹ́wàá wò ó?

Àlàó_Ọmọ_Àgbẹ̀

Ti Japan. Ti 1969 lè dúró dìgbà tí o bá parí. Fíìmù kan wà tí àwọn ènìyàn gidi ṣe lọ́dún 2007, ìyẹn náà lè dúró. Àbúrò rẹ, rárá. Ìpín kẹfà kì í ṣe fún ọmọdé, kì í ṣe torí àǹjọ̀nú, torí ohun tí àwọn ọmọ ogun ṣe ni. Bí détà rẹ kò bá tó, gba mẹ́fà àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí o wò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, má já a.

Balógun_Orí_Òkè

Ẹ ti bá Daigo ṣẹjọ́ tán, mo gbà pé mi ò ní rí ẹni tó máa tẹ̀ lé mi. Ṣùgbọ́n gbogbo yín sin Tahomaru láàyè. Òun gan-an lẹjọ́ le fún.

Ọmọ tí wọ́n tọ́ pé kó jẹ́ olódodo. Òun àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ méjì, Mutsu àti Hyogo, jọ ń jà fún ará abúlé, ó ń pa ẹranko burúkú fún wọn. Ó fúnra rẹ̀ wádìí, ó rí i pé oúnjẹ tí òun jẹ dàgbà, ẹ̀gbọ́n òun ni. Kò mọ̀ kó tó jẹ ẹ́. Kò rẹ́rìn-ín bí bàbá rẹ̀. Ó lè sọ pé kí ẹ̀gbọ́n gba tirẹ̀, kí ilẹ̀ gbẹ, kí àwọn tó fẹ́ràn kú níṣojú rẹ̀. Ó lè gbé idà. Ó gbé idà, ó sì pàdánù ojú kan nídìí rẹ̀ ní ìpín kejìlá, kò sì dáwọ́ dúró. Ọmọ_Ilé_Ifẹ̀, ẹ ní Daigo kò fi ara rẹ̀ sílẹ̀ rí. Tahomaru fi tirẹ̀ sílẹ̀ o.

Ọmọ_Ilé_Ifẹ̀

Ó fi sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n idà tó gbé, ẹ̀gbọ́n ló nà án sí, kò nà án sí bàbá tó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Ní gbogbo ìpín 24, kò sí ọjọ́ kan tí Tahomaru wọ gbọ̀ngàn yẹn lọ láti bá àwọn ère jà. Hyakkimaru tí kò lójú mọ ibi tí ọ̀tá wà.

Balógun_Orí_Òkè

Bó bá pa àwọn ère, ilẹ̀ á gbẹ bákan náà. Ẹ tún wò ó láti ìpín kọkànlá, kí ẹ padà wá. Mo wà níbí.